Hydrangea kúkurú nínú ọgbà ilé l'Ékòó: ta ló ti rí i kó yọ òdòdó lẹ́ẹ̀kejì?

Àdùkẹ́_Sùúrùlérè kọ:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin olólùfẹ́ ọgbà. Lórí hydrangea ni ìbéèrè mi, òdòdó olórí róbótó tó máa ń jẹ́ búlúù, píǹkì tàbí funfun. Irú èyí tó kúrú ni mo fẹ́, tí kò ní ga ju orúnkún lọ tàbí kó fi díẹ̀ jù ú, nítorí ilẹ̀ tó ṣẹ́ kù fún mi kò pọ̀. Íntálọ́ọ̀kì ni wọ́n fi tẹ́ gbogbo iwájú ilé wa. Ẹsẹ̀ odi nìkan ni onílé gbà kí n gbin nǹkan sí, ibẹ̀ kò sì fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ.

Ọ̀kan wà lọ́wọ́ mi nínú ìkòkò, wọ́n fi ta mí lọ́rẹ nígbà ọjọ́ ìbí. Nígbà tí wọ́n gbé e dé, òdòdó bo orí rẹ̀. Láti ìgbà tí ìwọ̀nyẹn ti gbẹ, ewé ló ń yọ, ewé náà sì ń dán, ṣùgbọ́n kò rudi mọ́. Olódòdó àdúgbò ní kí n fún un ní ajílẹ̀ sí i. Aládùúgbò mi ní kí n gbé e sójú oòrùn. Èwo ni kí n ṣe nínú méjèèjì? Ṣé ó sì ṣe é gbìn sí ẹsẹ̀ odi yẹn, kó máa wà níbẹ̀ láti ọdún dé ọdún?

Ọmọ_Ìta_Fájì fèsì:

Ẹ má gbé e sójú oòrùn ọ̀sán o, ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ní ọ̀kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Bí oòrùn aago méjì bá kàn án báyìí, ewé á rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, etí rẹ̀ á sì jó. Ìgbà tí mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn àárọ̀ nìkan ti ń yọjú sí i ló tó fara balẹ̀. Ṣùgbọ́n tèmi náà kò rudi. Omi kànga tiwa sì ní iyọ̀ díẹ̀ nítorí ọ̀sà tó súnmọ́ wa, n kò mọ̀ bóyá ohun tó fà á nìyẹn.

Bàbá_Olódòdó_Gbàgádà fèsì:

Àdùkẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá ajílẹ̀ kún un mọ́. Iṣẹ́ òdòdó ni mò ń ṣe jẹun, ìbéèrè yìí sì ni àwọn oníbàárà máa ń bi mí jù lórí hydrangea. Ebi kọ́ ló ń pa á. Ooru òru ni.

Irú tí wọ́n ń tà nínú ìkòkò, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní *Hydrangea macrophylla*, ilẹ̀ Jàpáánù ló ti ṣẹ̀ wá. Kí ẹ̀ka rẹ̀ tó lè rudi, ó ń fẹ́ kí ojú ọjọ́ tutù tó nǹkan bí 18°C tàbí kó tutù jù bẹ́ẹ̀, àgàgà lóru, fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn tó bá rudi tán, ìrudi náà á tún sùn nínú òtútù kó tó jí. Àwọn tó ń gbìn ín fún títà nílẹ̀ òkèèrè máa ń gbé e sínú yàrá tó tutù tó 5°C sí 7°C fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, wọ́n á wá gbé e bọ́ sí ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kó lè tan. Òtútù tí wọ́n ti fún un níbẹ̀ ló fi tan òdòdó tí ẹ rí lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wá fún yín.

Èkó kò ní irú òtútù bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ oṣù, òru wa kì í rẹlẹ̀ ju 22°C lọ. Nígbà ọyẹ́, ó lè tutù díẹ̀ ní ìdájí, àmọ́ kì í pẹ́, ọ̀sán tó bá tẹ̀ lé e á sì gbóná janjan. Nítorí náà ni igi náà ṣe ń rúwé láìrudi. Kò sí àìsàn kankan lára rẹ̀. Bí ẹ bá tún wá ń da ajílẹ̀ tí nitrogen pọ̀ nínú rẹ̀ sí i, ewé ni yóò máa pọ̀ sí i.

Ọmọ Ìta Fájì, iyọ̀ inú omi kọ́ ló dá ìrudi dúró, ṣùgbọ́n ó ń ba gbòǹgbò jẹ́, pàápàá nínú ìkòkò, níbi tí iyọ̀ ti ń ṣù jọ. Ẹ máa gbe omi òjò. Kí òjò kọ́kọ́ fọ eruku òrùlé kúrò ná, kí ẹ tó gbé ike sí i. Kí ẹ sì bo ike náà nítorí ẹ̀fọn.

Túnjí_Màgódò fèsì:

Bàbá, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kò tíì yé mi tán. Ilẹ̀ Áfíríkà ni Kẹ́ńyà wà, orí ìlà agbedeméjì ayé gan-an ló sì wà, síbẹ̀ hydrangea ń tan níbẹ̀. Kòlóńbíà náà kò jìnnà sí ìlà yẹn, ẹrù hydrangea ni wọ́n ń kó ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà. Báwo ni a ó ṣe wá sọ pé ooru ni kò jẹ́ kí tiwa tan?

Ohun kejì: ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní ìlú London ní irú kan tí wọ́n ń pè ní Bobo. Kò ga tó mítà kan, òdòdó funfun ló máa ń bò ó láti ìdí dé orí. Ó ní ojú oòrùn gan-gan ló gbìn ín sí. Èmi rò pé èyí tó fẹ́ oòrùn ló yẹ wá níbí. Mo fẹ́ kó bá mi gé ẹ̀ka rẹ̀ mélòó kan wá sínú àpótí bó bá ń bọ̀ ní Kérésì.

Olùkọ́_Iṣẹ́_Àgbẹ̀ fèsì:

Túnjí, ìbéèrè gidi lẹ bi nípa Kẹ́ńyà, gíga ilẹ̀ sì ni ìdáhùn rẹ̀. Nairobi ga tó nǹkan bí 1,800 mítà ju òkun lọ. Agbègbè Antioquia, níbi tí wọ́n ti ń gbìn ín ní Kòlóńbíà, ga ju 2,000 mítà lọ. Bí ilẹ̀ bá fi ẹgbẹ̀rún mítà kan ga sí i, ooru á fi nǹkan bí 6°C lọ sílẹ̀. Èkó tiwa wà létí òkun, ibi tó pọ̀ jù níbẹ̀ kò ga tó 50 mítà. Bí ẹ bá ń wá ibi tó tutù ní Nàìjíríà, òkè Jos tó ga tó bí 1,200 mítà tàbí òkè Mambilla lẹ ó máa wò, kì í ṣe Màgódò.

Ní ti Bobo, ẹ̀yà mìíràn ni, *Hydrangea paniculata* ni. Òtítọ́ ni pé ó fẹ́ oòrùn ju macrophylla lọ, orí ẹ̀ka tuntun ló sì máa ń rudi. Ṣùgbọ́n igi ilẹ̀ tí omi ti ń dì ni. Ó ń fẹ́ ìgbà òtútù gidi tí yóò fi wọ́wé, tí yóò fi sinmi, kó tó sọjí. Little Lime tí wọ́n máa ń gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì náà, ẹ̀yà kan náà ni. Nínú macrophylla, a ní irú tó kúrú bíi Pia, tí kì í sábà ju 60 sẹ̀ntímítà lọ. A sì ní Endless Summer tó dé ọjà Amẹ́ríkà ní 2004, tó lè rudi lórí ẹ̀ka àtijọ́ àti tuntun. Àwọn kan gbà pé nítorí pé ó lè rudi lórí ẹ̀ka tuntun, kò ní kọ ooru. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Ìrànwọ́ ló jẹ́ fún àwọn tí yìnyín máa ń pa ẹ̀ka igi wọn. Ìṣòro tiwa kọ́ nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n yín kó ẹ̀ka sínú àpótí. Ewéko tó ń wọ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ NAQS, àjọ ìjọba tó ń yẹ ohun ọ̀gbìn wò kó tó wọlé, àti ìwé ẹ̀rí ìlera láti orílẹ̀-èdè tó ti ń bọ̀. Kòkòrò àti àrùn tí ojú kò rí lè bá a wọlé, ó sì lè ran oko ẹlòmíràn tó ń fi ọ̀gbìn jẹun. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára.

Túnjí_Màgódò fèsì:

Ó ti yé mi wàyí, ẹ ṣé gan-an. Màá sọ fún un pé kó má gé e.

Àdùkẹ́_Sùúrùlérè fèsì:

Ẹ ṣeun o, Bàbá, ẹ ṣeun, Olùkọ́. N kò fẹ́ jù ú nù o. Búlúù ni òdòdó rẹ̀ nígbà tó dé, kó tó wá di aláwọ̀ ewé níkẹyìn. Ṣé ilẹ̀ ibí ló yí i padà? Àwọn kan sì sọ pé èèyàn lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan àwọ̀ tó bá fẹ́.

Olùkọ́_Iṣẹ́_Àgbẹ̀ fèsì:

Òdòdó tó gbó ló di aláwọ̀ ewé, ilẹ̀ kọ́. Ohun aláwọ̀ tí à ń wò lára hydrangea, ewé tó yí òdòdó gan-an ká ni. Òdòdó gidi kéré, ó wà láàárín. Ìdí nìyí tí orí kan fi lè wà lórí igi fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ láìrẹ̀ dànù, tí yóò sì padà di aláwọ̀ ewé bó bá ti ń dàgbà.

Yíyan àwọ̀ ṣeé ṣe, àyàfi èyí tó bá jẹ́ funfun. Aluminium inú ilẹ̀ ló ń ṣe é. Bí ilẹ̀ bá kan, tí pH rẹ̀ (òǹkà tí a fi ń wọn bí ilẹ̀ ṣe kan tó; bó bá ṣe kéré tó ni ilẹ̀ ṣe kan tó) kò tó 5.5, aluminium á yọ́ sínú omi ilẹ̀, gbòǹgbò á fà á mu, òdòdó á sì jẹ́ búlúù. Bí pH bá kọjá 6.5, gbòǹgbò kò ní rí i fà, píǹkì ni yóò jẹ́. Láàárín méjèèjì, ẹ lè rí elésè àlùkò, tàbí kí búlúù àti píǹkì jọ wà lórí igi kan náà.

Álọ́ọ̀mù tí à ń rà lọ́jà láti fi mú omi tòrò ní aluminium nínú, ó sì ń mú kí ilẹ̀ kan. Síbí ìjẹun kan nínú omi lítà mẹ́rin ti tó, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ẹ sì kọ́kọ́ fi omi lásán rin ilẹ̀ kí ẹ tó da á sí i. Bó bá pọ̀ jù, ó ń jó gbòǹgbò. Ẹni tó bá fẹ́ píǹkì lè wọ́n eérú igi díẹ̀ sí i. Ẹ sì ṣọ́ra fún ajílẹ̀ NPK 15:15:15 àti ìgbẹ́ adìẹ bó bá jẹ́ búlúù lẹ fẹ́, nítorí phosphorus inú wọn máa ń so mọ́ aluminium, kò ní jẹ́ kó ráyè wọ gbòǹgbò.

Ṣùgbọ́n kí òdòdó tó yọ la ti ń ṣe gbogbo èyí. Orí tó bá ti là tán kò ní tìtorí álọ́ọ̀mù yí àwọ̀ padà. Bí igi yín kò bá sì rudi, ẹ kàn ń ná owó lásán ni.

Ẹ̀yin tó ní ilẹ̀ lẹ́sẹ̀ odi, ẹ gbẹ́ ẹ wò kí ẹ tó gbin ohunkóhun. Níbi tí wọ́n ti kọ́lé, ẹ ó bá sìmẹ́ńtì àti àfọ́kù búlọ́ọ̀kù lábẹ́ ilẹ̀, wọ́n sì máa ń gbé pH sókè. Èyí kan ọ̀pọ̀ òdòdó yàtọ̀ sí hydrangea.

Ìyá_Ẹlẹ́kéèkì_Mùṣín fèsì:

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i níbi tí iṣẹ́ tèmi dé. Mo ń ṣe kéèkì, mo sì ń ṣe ọ̀ṣọ́ ibi ayẹyẹ. Àwọn ìyàwó máa ń fi fọ́tò hydrangea hàn mí pé kí n tò ó sórí kéèkì ìgbéyàwó. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má gbà o! Májèlé wà nínú rẹ̀, nínú ewé, nínú ìrudi àti nínú òdòdó. Bó bá wọ inú èèyàn, ó lè fa èébì àti inú rírun. Bí ìyàwó bá ta kú, èmi máa ń fi ṣúgà mọ irú rẹ̀ fún un. Ewúrẹ́ àti ajá náà kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́. Ẹ̀yin tí ewúrẹ́ àdúgbò máa ń wọ géètì yín, ẹ gbé e sókè.

Orí tábìlì lèmi fẹ́ràn rẹ̀ sí. Orí kan ṣoṣo nínú ife gíláàsì ti kún tábìlì. Bó bá rọ, ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹ tún ìdí rẹ̀ gé ní dàgẹ̀rẹ̀, kí ẹ wá ri gbogbo orí náà sínú omi tútù fún bí wákàtí kan. Ó máa ń fi orí mu omi, yóò sì tún nà. Ọgbọ́n kejì ni pé kí ẹ ti ìdí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gé bọ inú álọ́ọ̀mù lílọ̀, kí ẹ tó fi sínú omi. Álọ́ọ̀mù kan náà tí Olùkọ́ ń sọ nípa rẹ̀ ni.

Ọmọ_Ìta_Fájì fèsì:

Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá Olódòdó, mo ní fíríìjì kan tó ṣófo. Bí mo bá gbé ìkòkò mi sínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ẹ dárúkọ, ṣé kò ní rudi?

Bàbá_Olódòdó_Gbàgádà fèsì:

Kò ní rudi, ọmọ mi. Ọ̀nà méjì ni òtútù yẹn. Èyí tó wà nísàlẹ̀ 18°C ni igi ń lò láti *dá* ìrudi, nígbà tí ewé ṣì wà lára rẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ sì ń kàn án. Òtútù 5°C inú òkùnkùn, ìrudi tó ti wà tẹ́lẹ̀ ló wà fún. Igi tìrẹ kò tíì dá ìrudi kankan, nítorí náà kò sí ohun tí fíríìjì fẹ́ jí nínú rẹ̀. Ká tiẹ̀ ní o rí yàrá tó tutù tó sì ní ìmọ́lẹ̀, owó iná àti owó epo jẹnẹrétọ̀ yóò ju iye tí wọ́n ń ta ìkòkò tuntun lọ.

Bí èmi ṣe máa ń gba àwọn oníbàárà mi nímọ̀ràn nìyí. Ẹni tó bá fẹ́ hydrangea, kó ra èyí tí ìrudi rẹ̀ ti wà lórí, tí díẹ̀ nínú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là, kì í ṣe èyí tó ti là tán. Kó gbé e síbi tí oòrùn àárọ̀ ti ń kàn án tí ibòji sì wà lọ́sàn-án, kó máa bomi rin ín kí ilẹ̀ rẹ̀ má gbẹ, kí omi sì má dúró sí ìdí rẹ̀. Inú ìkòkò ni kó wà. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ àlejò tó ń lo àsìkò rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó bá fẹ́ igi kúkurú tí yóò máa yọ òdòdó róbótó ní ẹsẹ̀ odi Sùúrùlérè láti ọdún dé ọdún, ìyẹn kì í ṣe hydrangea. Ixora ni.

Ixora kúkurú wà lọ́dọ̀ gbogbo olódòdó l'Ékòó. Gúúsù Íńdíà àti Sri Lanka ni *Ixora coccinea* ti wá, ilẹ̀ olóoru bíi tiwa. Ó fẹ́ ilẹ̀ tó kan bí hydrangea, ó fẹ́ oòrùn, orí òdòdó rẹ̀ sì máa ń ṣù jọ róbótó. Pupa ló wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n píǹkì, ìyeyè àti funfun wà. Irú kúkurú rẹ̀ kò ní ga ju orúnkún lọ bí ẹ bá ń gé e.

Ohun méjì ló máa ń bà á jẹ́ nílé àwọn èèyàn. Àkọ́kọ́ ni sìmẹ́ńtì tí Olùkọ́ mẹ́nu kàn: ewé rẹ̀ á di ìyeyè, iṣan ewé nìkan ni yóò ṣì ní àwọ̀ ewé, nítorí kò rí irin fà nínú ilẹ̀. Ẹ kó ilẹ̀ yẹn jáde, kí ẹ da ilẹ̀dú àti ìgbẹ́ màlúù tó ti jẹrà dáadáa sí i. Èkejì ni àwọn tó ń fi ọ̀bẹ gé e ní gbogbo ìgbà kó lè tẹ́ pẹrẹsẹ. Ṣóńṣó ẹ̀ka tuntun ló ti ń yọ òdòdó. Bí ẹ bá ń gé ṣóńṣó yẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, òdòdó wo lẹ fẹ́ rí? Ẹ dúró kí òdòdó kan lọ tán, kí ẹ tó gé e.

Túnjí_Màgódò fèsì:

Ixora dára, ṣùgbọ́n ó ti wà lẹ́nu géètì gbogbo ilé. Búlúù ló wu Àdùkẹ́, ixora kò sì ní búlúù. Ṣé kò sí nǹkan mìíràn?

Olùkọ́_Iṣẹ́_Àgbẹ̀ fèsì:

Plumbago ni kí ẹ wò fún búlúù. Gúúsù Áfíríkà ló ti wá, búlúù ojú ọ̀run ni òdòdó rẹ̀. Ẹ̀ka rẹ̀ máa ń nà kiri, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ máa gé e kó tó dúró ní kúkurú. Pentas náà wà, láti ìlà oòrùn Áfíríkà, kò ga púpọ̀, òdòdó rẹ̀ ń ṣù jọ, labalábá sì fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi. Ẹni tó bá fẹ́ píǹkì ńlá tó ń pẹ́ lórí igi, kó wo mussaenda. Ewé tó yí òdòdó ká náà ló ń jẹ́ aláwọ̀ lára rẹ̀, bíi ti hydrangea. Ṣùgbọ́n ó máa ń ga ju èèyàn lọ bí wọn kò bá gé e.

Dombeya tí àwọn kan ń tà ní orúkọ hydrangea ilẹ̀ olóoru, láti Madagascar, òdòdó píǹkì rẹ̀ máa ń rọ̀ sílẹ̀ róbótó, ó sì lẹ́wà. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n igi ńlá ni. N kò fẹ́ rí i ní ẹsẹ̀ odi tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà méjì.

Àdùkẹ́_Sùúrùlérè fèsì:

Mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, Ọlọ́run yóò bù sí ìmọ̀ yín. Ohun tí mo fẹ́ ṣe rèé: ixora píǹkì lẹ́sẹ̀ odi, plumbago kan ní igun tó súnmọ́ géètì, kí hydrangea mi wà nínú ìkòkò níwájú ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí ibòji wà. Bí kò bá yọ òdòdó mọ́, ewé rẹ̀ náà dùn-ún wò. Báwo ni kí ixora ṣe jìnnà síra? Ṣé kí n gé hydrangea náà wálẹ̀? Ó ti ń ṣe jágajàga.

Bàbá_Olódòdó_Gbàgádà fèsì:

Ètò yín dára. Ẹ jẹ́ kí ixora jìnnà síra ní bí 45 sẹ̀ntímítà, kí ìdí wọn sì fi bí 30 jìnnà sí odi, kí ẹ̀ka lè ráyè. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò, nínú oṣù kẹrin, ló dára jù láti gbìn ín, kí gbòǹgbò ti múlẹ̀ kí òjò ńlá oṣù kẹfà tó dé. Plumbago náà lè wọlé nígbà kan náà.

Ẹ gé hydrangea náà. Ẹ ka oríkèé méjì tàbí mẹ́ta láti ìsàlẹ̀ lórí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, kí ẹ gé e lókè oríkèé tó ní ewé méjì tó kọjú síra. Àwọn orí tí ẹ gé, ẹ má sọ wọ́n nù. Ẹ mú èyí tó gùn tó bí 12 sẹ̀ntímítà, ẹ já ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ tì í bọ ilẹ̀ tó ní iyanrìn nínú ike kékeré lábẹ́ ibòji, kí ẹ sì jẹ́ kó máa tutù. Láàárín bí oṣù kan, yóò ti ta gbòǹgbò. Bí Ọmọ Ìta Fájì bá fẹ́, ẹ lè fún un ní ọ̀kan nínú rẹ̀, kó máa fi omi òjò rin ín.